Ìgbà IICC: Kí Ló Dára Nínú Rẹ̀ Gan-an?

Tí àwọn àgbà olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù bá ń sọ̀rọ̀ Shooting Stars ní Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ wọn kì í pẹ́ dé ọdún 1976. Ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ náà, tí wọ́n ń pè ní IICC nígbà náà, fi àròpọ̀ ayò mẹ́rin sí méjì na Tonnerre ti Yaoundé, tí wọ́n sì gba ife Áfíríkà tí àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife orílẹ̀-èdè wọn máa ń du. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gbé ife ilẹ̀ Áfíríkà wálé ṣáájú wọn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì tún gbà á ní 1980, 1983, 1995 àti 1998. Ní 1992, nígbà tí àjọ CAF dá ife mìíràn sílẹ̀, Shooting Stars ló kọ́kọ́ gbà á, lẹ́yìn tí wọ́n borí Villa ti Uganda. Ní 1984 àti 1996 wọ́n dé àṣekágbá ìdíje tó ga jù lọ fún àwọn ẹgbẹ́ Áfíríkà. Zamalek ti Íjíbítì ló dá wọn padà nígbà méjèèjì. Lẹ́yìn 1998, ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí líìgì kò fi yà sí Adámásingbà, pápá ẹgbẹ́ náà, mọ́. Ní 2017 ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì, ó sì di 2021 kí wọ́n tó gòkè padà. Àlàyé tí àwọn àgbà ń ṣe lórí gbogbo èyí kò ju gbólóhùn kan lọ: nígbà IICC, àwọn tó mọ iṣẹ́ ló ń darí ẹgbẹ́. Gbólóhùn yẹn ló yẹ ká tú wò. Èrò tèmi ni pé ojú wọn kò tàn wọ́n jẹ; ẹgbẹ́ náà dára rí, ó sì bàjẹ́ lẹ́yìn náà. Ibi tí mi ò ti bá wọn lọ ni ibi tí wọ́n ń wá ìdí rẹ̀ sí. Ìwà àwọn ènìyàn kan ni wọ́n ń yìn, nígbà tó jẹ́ pé ètò kan tó dúró láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ náà ló yẹ kí wọ́n máa dárò.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ àná ti sú yóò sọ pé ọjọ́ orí ló ń fọhùn. Ọmọ ogún ọdún tó wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 1976 ti di àgbàlagbà báyìí. Kí ni kò ní dùn lẹ́nu rẹ̀ nínú ohun tó rí nígbà tí eegun rẹ̀ ṣì le? Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí, ṣùgbọ́n kò kan ìdí ọ̀rọ̀. Inú ìwé ni àkọsílẹ̀ ife wà, ìwé kì í sì í darúgbó. Líìgì márùn-ún láàárín 1976 àti 1998, pẹ̀lú àṣekágbá ilẹ̀ Áfíríkà mẹ́rin, kì í ṣe àlá ẹnikẹ́ni. Ibi tí ìrántí ti máa ń fi ènìyàn ṣeré ni àárín ife kan sí èkejì. Láti 1983 di 1995, ọdún méjìlá gbáko ni wọ́n fi wá líìgì tí wọn ò rí i. Láti 1979 di 1995, ọdún mẹ́rìndínlógún ni ife orílẹ̀-èdè fi yẹra fún wọn. Ní 1977, ọdún kan péré lẹ́yìn ife ńlá náà, Rangers ti Enugu ló fi pẹ́nárítì lé wọn kúrò nínú ìdíje kan náà nígbà tó ku ìpele kan kí wọ́n dé àṣekágbá. Ní 1984, Zamalek fi ayò méjì sí òdo nà wọ́n ní Kairo, ó sì tún tẹ̀ lé wọn wá sí Èkó láti fi ẹyọ kan sí òdo parí rẹ̀ lójú àwọn ará ilé. Àwọn ọdún wọ̀nyí wà nínú ìgbà tí wọ́n ń pè ní ìgbà wúrà náà, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọrin wọn.

Ohun mìíràn tún wà tó mú kí ìgbà yẹn tóbi lójú. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ròyìn àwọn agbábọ́ọ̀lù IICC bíi Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Múdàṣírù Lawal lónìí, etí ni wọ́n fi rí wọn ju ojú lọ. Orí rédíò ni bọ́ọ̀lù wà, ohùn Ernest Okonkwo ló sì ń gbé e wọlé. Òun náà ló sọ Ọdẹ́gbàmí ní "Mathematical" tó di orúkọ fún un títí dòní. Rédíò kì í fi bọ́ọ̀lù tí ẹsẹ̀ ta nù han ènìyàn. Olùgbọ́ ló ń fi ọkàn ara rẹ̀ ya pápá náà, ẹ̀dá wo ló sì máa ya pápá tí yóò ya ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹlẹ́rẹ̀? Ẹni tó bá ń wo Shooting Stars lónìí ń rí gbogbo àṣìṣe pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, ó sì tún fi í wé ohun tó gbọ́ ní 1980. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n darí ẹgbẹ́ náà dáadáa nígbà náà, a ní láti fi bọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ká wo ẹni tó ń sanwó, bó ṣe ń san án, àti ẹni tó lè dá owó náà dúró.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti sọ púpọ̀. WNDC ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, orúkọ àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, èyí tí ìjọba agbègbè náà dá sílẹ̀ láti fi owó kòkó dá oko, ilé iṣẹ́ àti òwò sílẹ̀. Orúkọ WNDC yìí ni wọ́n fi gba ife orílẹ̀-èdè ní 1971. Lẹ́yìn náà ni wọ́n di IICC, orúkọ àjọ tó ń dókòwò tó sì ń yá ilé iṣẹ́ lówó. Nígbà náà, bọ́ọ̀lù kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ ní Nàìjíríà lábẹ́ òfin. Agbábọ́ọ̀lù ní láti ní iṣẹ́ mìíràn tàbí kó wà nílé ẹ̀kọ́. Ọdẹ́gbàmí ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Poli Ìbàdàn ní àkókò tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Múdà Lawal, kí bọ́ọ̀lù tó gbé e sókè, iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń kọ́. Ohun tí àjọ bíi WNDC tàbí IICC ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rọrùn láti ṣàlàyé: wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé òṣìṣẹ́. Ọjọ́ tí akọ̀wé, dírẹ́bà àti obìnrin tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì bá gbowó, ọjọ́ yẹn ni òun náà gbowó. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kán, iṣẹ́ rẹ̀ kò kán pẹ̀lú rẹ̀. Àjọ náà ní ìwé owó tí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò lọ́dọọdún, owó bọ́ọ̀lù sì kéré nínú ìwé náà débi pé kò sẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ sùn láìjẹun.

Ibí ni mo rò pé àṣírí ìgbà IICC wà. Ìjọba ló ni àjọ náà, àjọ náà ló ni ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Alárinà kan wà láàárín. Bí gómìnà bá bínú sí ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ àjọ ni yóò gbé ẹjọ́ lọ. Bí ẹgbẹ́ bá nílò aṣọ tàbí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú, ọ̀dọ̀ àjọ ni wọ́n ń wá a sí, wọn kì í lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìjọba. Mi ò sọ pé àwọn ọ̀gá àjọ náà jẹ́ áńgẹ́lì. Ìjọba ló ń yàn wọ́n, àwọn náà sì mọ òṣèlú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àjọ náà kì í ṣe bọ́ọ̀lù, ipò tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀lù kò sì tíì di ohun tí wọ́n fi ń san ẹ̀san fún ẹni tó ṣiṣẹ́ nígbà ìbò. Ìwọ̀nba ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí kóòṣì lè jókòó, kí ọmọkùnrin tó wá láti ìgboro lè dàgbà sínú ẹgbẹ́, kí Best Ogedegbe lè máa ṣọ́ ilé lẹ́yìn àwọn ènìyàn tó mọ̀ dunjú. Nígbà tí Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní 1980, tí wọ́n na Algeria ní ayò mẹ́ta sí òdo ní Sùúrùlérè, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Lawal gbá ẹyọ kan. Gbogbo ayò ọjọ́ náà wá láti ọwọ́ ọmọ IICC, Ogedegbe sì wà nínú ilé. Irú ìṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ kì í hù láàárín sáà kan.

Ohun tó sì yani lẹ́nu ni pé ọdún tí wọ́n gba ife ńlá náà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Ní oṣù kejì 1976, ìjọba ológun pín ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta: Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ní oṣù keje ọdún náà ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ Odù'a sílẹ̀ láti gba àwọn òwò tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ jogún. Òwò ṣeé pín, ìpín ìdókòwò ṣeé kà. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù kò ṣeé pín sí mẹ́ta. Ìbàdàn ló kù sí, Ọ̀yọ́ ló sì gbà á. Orúkọ IICC kò tètè kúrò lẹ́nu ènìyàn, àwọn ìràwọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí pápá, líìgì 1980 àti ti 1983 sì wọlé, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ẹgbẹ́ náà ń bọ́ lọ́wọ́ àjọ tó ní òwò, tó sì ń di ọmọ ìjọba ìpínlẹ̀ tààrà: owó rẹ̀ láti inú ìṣúná ìpínlẹ̀, alága rẹ̀ láti ọwọ́ gómìnà. Àwọn tó ń sọ pé àwọn alákòóso rere kú tán kò ṣàkíyèsí pé ipò tí wọ́n ń bá ṣiṣẹ́ gan-an ló yí padà.

Wọn yóò dá mi lóhùn pé mo ti fi ètò bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ṣé Olóyè Lékan Sàlámì, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe pápá Adámásingbà, kì í ṣe ènìyàn ni? Ṣé kì í ṣe ìfẹ́ irú wọn ló gbé ẹgbẹ́ náà ró? Ìfẹ́ wọn kò ṣeé sẹ́, ẹni tó bá sẹ́ ẹ ń ṣe àìmoore. Ṣùgbọ́n ìtàn àwọn ẹgbẹ́ tó kù ní ilẹ̀ Yorùbá jẹ́ ká rí ibi tí ìfẹ́ ẹnì kan ṣoṣo máa ń gbé bọ́ọ̀lù dé. Stationery Stores ti Èkó ni àpẹẹrẹ tó dunni jù. Israel Adébàjọ́ ló dá a sílẹ̀, débi pé "Adebajo Babes" ni wọ́n ń pè é. Ó gba ife orílẹ̀-èdè léra léra ní 1967 àti 1968. Adébàjọ́ kú ní 1969. Ẹgbẹ́ náà ṣì rìn jìnnà lẹ́yìn rẹ̀, ó tilẹ̀ gba líìgì ní 1992, ṣùgbọ́n àríyànjiyàn lórí ẹni tó ni í kò jẹ́ kó sinmi, ó sì pòórá kúrò láàárín àwọn ẹgbẹ́ ńlá. Ní Abẹ́òkúta, Abiola Babes tí M.K.O. Abíọ́lá dá sílẹ̀ gba ife orílẹ̀-èdè ní 1985 àti 1987. Nígbà tí olówó náà gbé ọwọ́ kúrò, ó tán. Leventis United, tó wà ní Ìbàdàn kan náà pẹ̀lú Shooting Stars, gba ife ní 1984, ó gba líìgì àti ife pọ̀ ní 1986, ilé iṣẹ́ tó ni í sì tú u ká ní 1987. Ẹ ka ọdún yẹn dáadáa: ẹgbẹ́ tó dára jù lọ ní Nàìjíríà ní 1986 kò sí mọ́ ní 1988. Julius Berger náà gba líìgì ní 1991 àti 2000 kí ilé iṣẹ́ náà tó pa ìwé bọ́ọ̀lù dé.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò fi àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí gbè lẹ́yìn ara wọn, wọn yóò ní ìgbà ilé iṣẹ́ àti olówó ló dára jù, kí ìjọba jọ̀wọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n jọ ní ni kí á wò. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ìpinnu ẹyọ kan, nínú yàrá kan, kò lè parí. Ní ti Shooting Stars, ìjọba kò lè pa ẹgbẹ́ tí gbogbo ìlú ń pè ní tiwọn láìfara gbá nínú ìbò, nítorí náà kò kú bí ti Leventis. Ó kàn ń wà láàyè bí ẹni tí kò ní agbára. Èyí ló fi jẹ́ pé àwọn tó ń ṣàárò ń ṣàárò ohun méjì tí wọn ò yà sọ́tọ̀: ọwọ́ tó lawọ́, àti ọwọ́ tí kì í yẹ̀. Ìgbà IICC ní èkejì. Abíọ́lá àti Leventis ní èkíní nìkan.

Ní 1990, wọ́n sọ líìgì Nàìjíríà di ti àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun, wọ́n sì ní kí àwọn ẹgbẹ́ di ilé iṣẹ́ tó lè bọ́ ara rẹ̀. Lórí ìwé, ìyẹn ni ọjọ́ tó yẹ kí Shooting Stars ti gba òmìnira. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé iṣẹ́ kejì tí agbábọ́ọ̀lù ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, owó tó yẹ kó rọ́pò rẹ̀ kò sì dé. Ọmọ tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ àjọ tẹ́lẹ̀ wá di òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀lù nìkan, owó oṣù rẹ̀ sì rọ̀ mọ́ ìbuwọ́lù kan ní ilé ìjọba. Láti ìgbà náà, ìròyìn agbábọ́ọ̀lù tó ń fẹ̀hónú hàn nítorí owó oṣù àti owó àṣeyọrí ti di ohun tí kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́ káàkiri líìgì Nàìjíríà. Àwọn àgbà a máa sọ pé àwọn ọmọ òde òní kò ní ìfẹ́ aṣọ ẹgbẹ́ lọ́kàn bí ti àwọn Ọdẹ́gbàmí. Ọ̀rọ̀ yìí kò tọ́ sí ọmọ tí ebi ń pa. Ó rọrùn fún ènìyàn láti fẹ́ràn aṣọ tó ń wọ̀ nígbà tí owó oṣù rẹ̀ kò ní orúkọ gómìnà lórí.

Àríwísí tó le jù lọ sí àlàyé mi ni Enyimba ti Àbá. Ìjọba ìpínlẹ̀ Abia ló ni í, síbẹ̀ ó gba ife tó ga jù ní Áfíríkà ní 2003, ó sì tún gbà á ní 2004, ohun tí Shooting Stars du lẹ́ẹ̀mejì tí kò bọ́ sí i. Bí ìjọba bá jẹ́ májèlé, báwo ni Enyimba ṣe yè? Èsì àkọ́kọ́ ni pé gómìnà ìgbà náà, Orji Uzor Kalu, fi ẹgbẹ́ náà ṣe ohun ìdùnnú ara rẹ̀. Ìyẹn nìkan kò tó, nítorí Enyimba gba líìgì lẹ́yìn Kalu pẹ̀lú: ní 2010, 2015, 2019 àti 2023. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ẹnì kan náà, Felix Anyansi-Agwu, ló jókòó sí ipò alága fún bí ogún ọdún. Gómìnà wá, gómìnà lọ, ó wà níbẹ̀. Ó ṣe fún Enyimba ohun tí àjọ IICC ṣe fún Shooting Stars: ó dúró láàárín. Nítorí náà, mo gbọ́dọ̀ tún ohun tí mo sọ ṣe díẹ̀ kó lè tọ́: kò di dandan kí alárinà náà jẹ́ ilé iṣẹ́. Ohun tó di dandan ni pé kí ó lè ju sáà gómìnà kan lọ. Ní Ìbàdàn, bí ìjọba bá yí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé alága yóò yí, ọ̀gá àgbà yóò yí, kóòṣì yóò sì tẹ̀ lé wọn. Ètò tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, ẹlòmíràn á bọ̀ ọ́ sílẹ̀ kó tó so.

Ẹ̀rí kejì sún mọ́ ilé ju Àbá lọ. Ní 2017, ọdún tí Shooting Stars já sílẹ̀, Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ náà wà lára àwọn tó já. Ní 2021, àwọn méjèèjì tún jọ wà lára àwọn tó gòkè. Ẹgbẹ́ kan ní orúkọ, ife, ìlú ńlá àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún alátìlẹ́yìn; èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìtàn kankan. Ní sáà 2022 sí 2023 Remo Stars ṣe ipò kejì, ní sáà tó tẹ̀ lé e ó tún ṣe ipò kejì, ní 2025 ó gba líìgì. Láti ìgbà Julius Berger ní 2000, kò sí ẹgbẹ́ ilẹ̀ Yorùbá tó gbà á títí ọjọ́ náà. Kúnlé Soname tó ni í lówó, òótọ́ ni. Òun kan náà ló ra Feirense ní Pọtugí ní 2015. Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò gba ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́ ìjábọ́ ní 2017. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìjábọ́ ni kí á wò: kò tú ẹgbẹ́ náà ká, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé, ó ní pápá tirẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó sì fi Daniel Ògúnmódẹdé sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ kóòṣì rẹ̀ títí iṣẹ́ fi so èso. Mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń pe Soname ní ojútùú. Bí ó bá sú Soname lọ́la, Remo Stars lè di Leventis ní ọ̀túnla. Ohun tó fi kọ́ni ni pé fún àkókò díẹ̀, ó ti fún ẹgbẹ́ kékeré kan ní ohun tí Shooting Stars pàdánù.

Àwọn kan yóò sọ pé gbogbo èyí kò nítumọ̀, pé ayé ló yí padà. Nígbà IICC, bọ́ọ̀lù ilẹ̀ òkèèrè kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n lójoojúmọ́, ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò sì ní ibòmíràn láti lọ. Ràṣídì Yekini gbá fún Shooting Stars kó tó lọ sí Abiola Babes. Bó bá jẹ́ òní ni, kò ní pé ọmọ ogún ọdún kí aṣojú kan tó gbé e lọ sí Yúróòpù. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù Gẹ̀ẹ́sì ti gba èrò lọ́wọ́ Adámásingbà, SuperSport tó ń fi líìgì Nàìjíríà hàn sì kó ẹrù rẹ̀ ní 2017. Mo gba gbogbo èyí, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ife Áfíríkà fi jìnnà sí gbogbo ẹgbẹ́ Nàìjíríà. Kò ṣàlàyé ìdí tí Shooting Stars fi ní láti já sílẹ̀ nínú líìgì tí gbogbo àwọn tó kù ń bá afẹ́fẹ́ kan náà jà. Nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí gbogbo ilé, ilé tó wó ló yẹ kí á yẹ ìpìlẹ̀ rẹ̀ wò.

Bí a bá tilẹ̀ wọ inú ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù náà, irú àárò kan náà ni a óò bá níbẹ̀. Àwọn ọmọ Manchester United ní Ìbàdàn àti ní Èkó ń bú ìdílé Glazer bíi pé wọ́n jọ ń gbé àdúgbò. Ìdílé náà ra ẹgbẹ́ náà ní 2005, wọ́n sì di gbèsè tí wọ́n fi rà á lé e lórí. Inú bí àwọn kan ní Manchester débi pé wọ́n lọ dá FC United tiwọn sílẹ̀ lọ́dún yẹn. Síbẹ̀, lábẹ́ ìdílé yìí kan náà ni United gba líìgì márùn-ún láàárín 2007 àti 2013, pẹ̀lú ife Yúróòpù ti 2008. Ohun tó tán ní 2013 ni iṣẹ́ kóòṣì wọn, Alex Ferguson, tó ti wà níbẹ̀ láti 1986. Gbèsè náà burú, ṣùgbọ́n fún ọdún mẹ́jọ, ọkùnrin kan tó dúró láàárín àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù kò jẹ́ kí ó hàn. Àwọn tó ń ṣàárò ní Manchester ń ṣàárò olówó rere, nígbà tó jẹ́ pé alárinà ni wọ́n pàdánù. Ìbàdàn àti Manchester kò jọra nínú owó rárá. Nínú àṣìṣe yìí, wọ́n jọ.

Àṣìṣe náà kò dúró sórí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, ó ti ń darí ìpinnu. Nígbà tí àwọn alátìlẹ́yìn bá ti gbà pé ènìyàn rere ló sọnù, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni pé kí ìjọba dá ènìyàn ìgbà náà padà. Ìjọba sì máa ń gbọ́, nítorí ìyẹn ló rọrùn jù. Wọ́n ti fi àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà jẹ ọ̀gá àgbà rẹ̀ rí: Táíwò Ògúnjọbí, Mutiu Adépọ̀jù, Dímèjì Lawal. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò mọ bọ́ọ̀lù, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò fẹ́ràn ẹgbẹ́ náà. Ṣùgbọ́n agbára wo ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́? Ẹni tí ó yàn wọ́n lè yọ wọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, owó sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Aṣọ ẹgbẹ́ náà tí wọ́n wọ̀ rí kò lè san owó oṣù ẹnikẹ́ni. Bí nǹkan kò bá sì lọ dáadáa, àwọn kan náà tó ń pè fún wọn ni yóò sọ pé àwọn náà ti bàjẹ́, wọn yóò sì tún padà sí 1976 láti lọ wá ẹlòmíràn.

Ohun tí àwọn àgbà wọ̀nyí ní tí ẹlòmíràn kò ní ni ẹ̀rí. Wọ́n rí ẹgbẹ́ kan tí owó rẹ̀ ń wá lásìkò, tí kóòṣì rẹ̀ kò bẹ̀rù ìyípadà ìjọba, tí ọmọ ìgboro lè dàgbà nínú rẹ̀ títí yóò fi gba ife fún orílẹ̀-èdè. Ẹ̀rí yẹn wúlò ju àárò lọ bí wọ́n bá mọ ohun tí wọn yóò fi béèrè. Owó ìlú ni ìpínlẹ̀ fi ń bọ́ ẹgbẹ́ náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ló sì ń buwọ́ lu ìṣúná ìpínlẹ̀ lọ́dọọdún. Kò sí ohun tó ní kí àwọn alátìlẹ́yìn má béèrè fún ìwé owó ẹgbẹ́ náà, tàbí fún òfin tí yóò fún ọ̀gá àgbà ní sáà tó gùn ju ti gómìnà lọ. Nígbà tí wọ́n bá tún fi ìràwọ̀ àtijọ́ kan jẹ ọ̀gá àgbà ní Adámásingbà, kí wọ́n fi ìtàn ife tó gbà sílẹ̀ fún ọjọ́ mìíràn, kí wọ́n bi í pé ta ló lè yọ ọ́, nítorí kí ni, àti pé owó tí yóò fi san àwọn ọmọ náà ní oṣù kẹwàá, níbo ló wà lónìí.